Ìrù Òwú Lẹ́nu Màmá

Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa ní Òdòdé, Ìdànrè, aṣọ kì í jáde bí ìyá mi kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò fún ìrù. Ìrù ni à ń pe òwú tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ta kókó tán, tó wá yọ síta bí irun inú imú. Màmá á tẹ́ aṣọ náà sórí itan, á fi ìka tọ ojú rírán láti ọrùn títí dé ìṣẹ́tí. Ibi tí ìka rẹ̀ bá ti kọ ìrù, á gbé e sẹ́nu, á fi eyín iwájú gé e mọ́ kókó pátápátá. Sísọ́ọ̀sì ń bẹ lórí tábìlì, ńlá àti kékeré. Kì í wojú wọn. Ó ní sísọ́ọ̀sì máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀. Eyín kì í fi ohunkóhun sílẹ̀.

Eyín tó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí ni eyín èjí rẹ̀, méjèèjì tó wà níwájú lókè. Èjí náà kò fẹ̀ jù, kò sì há jù. Mo lè sọ bó ṣe fẹ̀ tó gan-an, nítorí mo ti rí òwú mẹ́ta tó há síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí, tí ẹ̀kẹrin kò rí àyè wọlé. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wa kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá Eléjí ni wọ́n ń pè é, láti Òdòdé dé Aládé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí gbogbo wa ti ń wọ sùtánà funfun, tí ẹnì kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹnì kejì lókèèrè, ẹ̀rín rẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń dá a mọ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Màmá na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé sísọ́ọ̀sì fún òun, mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè títí, ó ní eyín òun ń sinmi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo ní kó lanu. Eyín èjí tó wà lápá òsì ń mì. Èrìgì tó yí i ká ti pọ́n, ó wú, ó ń dán bí aṣọ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù lọ̀, bí mo sì ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ló ṣẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ojú èjí gan-an ni ọ̀ràn wà. Ẹ̀gbẹ́ kejì eyín náà ni, níbi tó ti fara kan eyín aládùúgbò rẹ̀. Mo sọ ìyẹn fún un pé kó lè fọkàn balẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ilé rẹ̀ ń jó, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe láti pálọ̀.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ tí mo ní sí èrìgì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Bí Màmá ṣe ń fi òróró àdúrà pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, èmi ń wo fídíò, mò ń ka gbogbo ohun tí fóònù lè gbé jáde nípa ẹran pupa kékeré tó yí eyín ká. Mo rí i pé èrìgì ń fara mọ́ eyín bí kọ́là ṣe ń fara mọ́ ọrùn. Bó bá bá a mu, kò sí ohun tó lè gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá pẹ́ létí rẹ̀ tó sì le bí òkúta, èrìgì á wú, á yà kúrò lára eyín, àlàfo tó wà láàárín wọn á wá di àpò. Àwọn dókítà eyín pàápàá, àpò ni wọ́n ń pè é. Inú àpò yẹn ni ìdọ̀tí ń gbé tó fi ń jẹ egungun tó di eyín mú, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, láìdunni rárá. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, inú mi dùn débi pé ojú tì mí, nítorí eyín ìyá mi ni à ń sọ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń wọn ọrùn oníbàárà, ẹnu rẹ̀ ni ojú mi máa ń wà. Obìnrin kan tó wá rán bùbá fi ẹjọ́ mi sun Màmá. Ó ní mò ń wo òun bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò ọdún. Màmá sì sọ mí ní Dókítà Fóònù, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lára mi títí di òní.

Dókítà tòótọ́ wà ní Àkúrẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó kọ́kọ́ fọ gbogbo eyín Màmá, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́jú wọn, ó ní ká máa lọ, ká tún padà wá. Nígbà tí a padà, èrìgì tó kù ti rọlẹ̀, wọn kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Àpò kan ṣoṣo ló kọ̀ tí kò lọ, ti ẹ̀gbẹ́ eyín èjí yẹn. Dókítà fi ọ̀pá tín-ín-rín kan tó ní ìlà lára wọ̀n ọ́n, bí a ṣe ń fi téèpù wọn bí àpò ṣòkòtò ṣe jìn tó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n di ọ̀pá náà mú wò. Kò jẹ́.

Ó ṣàlàyé pé òun yóò ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré síbẹ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀, wọ́n á ṣí èrìgì kọjá eyín bíi mélòó kan kí wọ́n tó rí ìdí ọ̀kan. Òun yóò ṣí kìkì ẹran ṣóńṣó tó wà láàárín eyín méjì náà, yóò fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo inú rẹ̀, yóò fọ gbòǹgbò eyín mọ́, yóò sì rán ẹran náà padà sáyè rẹ̀. Mo ní ìyẹn ni pé bí a bá ṣi aṣọ rán níbì kan, ibẹ̀ nìkan ni èèyàn ń tú, kì í tú gbogbo ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó bi mí pé ilé ẹ̀kọ́ wo ni mo lọ.

Màmá bá mi dáhùn. “Inú fóònù ni.”

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó wá kọjú sí i. “Màmá, àyè tí mo bá fọ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ yín ló máa kún un. Ẹ̀jẹ̀ náà á dì. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yọ ọ́ lẹ́nu, èrìgì á lẹ̀ mọ́ eyín padà, egungun tuntun sì lè hù níbẹ̀. Àmọ́ bí ojú rírán yẹn bá ṣí, tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá jáde, mi ò lè ṣèlérí eyín yẹn fún yín mọ́. Ó lè di pé kí n yọ ọ́.”

Màmá kò bi í ní ìbéèrè kankan nípa egungun tàbí ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí dókítà na ọwọ́ rẹ̀ wá. Dókítà nà án. Màmá yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó wo èékánná, ó tẹ ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń tẹ ọsàn. Ó ní ọwọ́ náà kò gbọ̀n, pé òun gbà.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, dókítà jẹ́ kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pẹ̀lú àdéhùn pé n kò ní sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gbìyànjú. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ tó mú kí ètè àti èrìgì rẹ̀ kú. Ó fi abẹ tí ojú rẹ̀ kò tó èékánná ọmọ ọwọ́ ṣí ẹran ṣóńṣó náà, ó rọra gbé e sókè bí ẹni tó ṣí ewé kan nínú ìwé. Ó fọ ibẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, títí ọrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun èmi tí mo dúró. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń wò ó. Ẹ̀jẹ̀ yọ láti ìsàlẹ̀, ó kún àyè náà wẹ́rẹ́, ó dúró. Kò nù ún. Ohun tí mo ti kà ni mò ń fojú rí yìí, orí mi sì wú.

Nígbà tó kan rírán, n kò mọ ìgbà tí mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Kò fi ìka mú un, irinṣẹ́ kan tó jọ sísọ́ọ̀sì ló fi gbá a mú. Òwú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Kò fà á tí ẹran fi ń sunkì. Ó kàn fa etí ẹran méjèèjì kan ara wọn, ó dúró níbẹ̀, bí a ṣe ń rán síliìkì. Ojú rírán méjì péré ló ṣe. Ó wá ta kókó, ó gé òwú, ó sì fi ìrù sílẹ̀.

Ìrù tó hàn gbangba. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbàgbé àdéhùn. Mo ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìrù ń bẹ níbẹ̀.”

Kò bínú. Ó ní òwú náà ń yọ̀ bíi náílọ́ọ̀nù. Bí òun bá gé e mọ́ kókó, kókó lè tú fúnra rẹ̀. Ó tún ní ìrù náà ni òun yóò dì mú nígbà tí òun bá fẹ́ yọ òwú kúrò. Ọ̀rọ̀ náà yé mi lójú ẹsẹ̀, nítorí Màmá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé òwú náílọ́ọ̀nù kì í ṣe ohun tí à ń gé mọ́ kókó. À ń fi ìrù sílẹ̀ ni, ká tó fi iná ìṣáná kàn án kó lè yọ́ di. Iná ni kò ṣeé mú wọ ẹnu. Gbogbo àlàyé yìí, lókè orí Màmá tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni a ti ṣe é. Ẹ fi sọ́kàn.

A padà sílé pẹ̀lú òfin. Kò gbọ́dọ̀ fi eyín iwájú gé ohunkóhun. Orín àtà rẹ̀ di èèwọ̀, ata gbígbóná di èèwọ̀, iyán àfi kó tutù. Kó fi oògùn ìfọnu rọra ṣan ẹnu, kó má tutọ́ bí awakọ̀ ọkọ̀ kòkó. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ètè rẹ̀ sókè láti wo ibẹ̀. Èmi ni dókítà ń wò nígbà tó sọ èyí tó gbẹ̀yìn.

Ohun tí ó dun èmi jù nìyẹn. Egbò tí mo ti ka gbogbo nǹkan nípa rẹ̀ wà nínú ilé, wọ́n sì ní n kò gbọ́dọ̀ wò ó. Mo wá ọgbọ́n dá. Bí Màmá bá rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, kì í ṣe èmi ni mo gbé ètè sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀fẹ̀ kiri. Mo sọ ti ọkọ ìyàwó tí ṣòkòtò rẹ̀ fàya lórí àkàsọ̀ Òkè Ìdànrè níbi tó ti ń ya fọ́tò. Mo sọ ti oníbàárà tó ní ká gba ikùn òun sínú aṣọ, kì í ṣe ká rán aṣọ gba ikùn. Màmá ti mọ ohun tí mò ń wá. Á fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ á máa mì, n kò ní rí nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló gbàgbé, ó yán. Mo rí i. Etí ẹran méjèèjì ti kan ara wọn, ó kù kìkì ìlà kan tó tín-ín-rín, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun kan sì bò ó. Mo pariwo ayọ̀. Màmá sáré wo dígí, ó ní ọyún ni, ó ti fẹ́ wá nǹkan fi ha á kúrò. Mo dá a dúró. Mo ní kì í ṣe ọyún. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dì, ó máa ń hun àwọ̀n tín-ín-rín kan bo ojú egbò, abẹ́ àwọ̀n yẹn sì ni awọ tuntun ń gbà rìn láti etí kan bọ̀ sí èkejì títí wọn yóò fi pàdé.

Ó fi ẹnu pípadé bi mí. “Ta ló ń hun ún?”

“Ẹ̀jẹ̀ yín ni, Màmá.”

“Láìsí òfì?”

Mo ní láìsí òfì. Ó mi orí, ó ní kí n lọ rán aṣọ.

Lásìkò yìí ni alàgbà ìjọ wa kan wá wo sùtánà rẹ̀ tó fẹ́ wọ̀ fún ìkórè. Ó kí Màmá, Màmá tí kò fẹ́ kí ètè rẹ̀ ṣí fi orí dáhùn. Ó béèrè aṣọ, Màmá nawọ́ sí i lára ìkọ́. Ó béèrè àlàáfíà ara, Màmá gbé ojú sókè ọ̀run, ó fi ìka kan ètè. Alàgbà bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n wà nínú ẹ̀jẹ́ àìsọ̀rọ̀, kí Olúwa tẹ́wọ́ gba ẹbọ náà. Ó fẹ̀yìn rìn jáde.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí ìjọ. Àwọn obìnrin ń wá ní méjì-méjì, wọ́n ń yọ́ rìn kọjá máṣíìnì mi, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí Màmá bá àwọn bá Ọlọ́run sọ. Ọ̀kan ń wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan fẹ́ kí kòkó òun gbẹ kí òjò tó dé. Màmá ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi í pé ṣé kò ní sọ òótọ́ fún wọn ni. Ó nawọ́ sí ẹnu rẹ̀, ó rọra sọ láàárín ètè pé dókítà ló ní kí òun má yọ ọ́ lẹ́nu.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni mo lọ sí Aládé láti lọ wọn àwọn akọrin kan fún aṣọ ìkórè. Nígbà tí mo padà délé, Màmá jókòó pẹ̀lú sùtánà alàgbà lórí itan. Ó kí mi káàbọ̀. Ó ní ṣé ó rẹ̀ mí. Ó ní oúnjẹ wà, ó ti bò ó dè mí. Èèyàn kì í bá ìyá mi gbé kó má mọ̀ pé irú ìkíni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe lásán.

Mo wo aṣọ orí itan rẹ̀. Lójú funfun sùtánà náà, nǹkan búlúù kékeré kan wà, kò tóbi ju irun ìpéǹpéjú kan lọ. Lọ́sẹ̀ náà, kò sí òwú búlúù kankan ní ṣọ́ọ̀bù wa; funfun la ń rán láti àárọ̀ dé alẹ́ nítorí ìkórè. Mo fi orí abẹ́rẹ́ gbé e lọ sídìí wíńdò. Òwú tiwa, ńṣe ni wọ́n lọ́ ọ pọ̀, bí o bá tẹ orí rẹ̀, á tú sí mẹ́ta. Èyí kò tú. Okùn kan ṣoṣo ni, ó ń dán, bí mo sì ṣe ká a lọ́wọ́ ló ta padà.

“Màmá, níbo ni èyí ti wá?”

Ó gbé ojú sókè ọ̀run, ó fi ìka kan ètè.

“Màmá.”

“Ó ń gún mi láhọ́n,” ó ní. “Láti ọjọ́ yẹn. Bí mo bá ń jẹun, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá ń gbàdúrà, ó wà níbẹ̀. Gbogbo aṣọ tí mo rán láyé mi, n kò fi ìrù sára ọ̀kan rí, èmi ni n ó wá máa gbé ìrù kiri lẹ́nu ara mi?”

N kò lè ṣe kí n má béèrè. “Kí lẹ fi gé e?”

Ó wo tábìlì. “Sísọ́ọ̀sì kékeré.”

“Ẹ̀yin? Sísọ́ọ̀sì?”

“Ṣé eyín ni kí n fi gé ohun tó wà lára eyín?”

Mo bú sẹ́rìn-ín, òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìgbà náà ni mo rí i. Kókó kan ti tú. Òwú rẹ̀ ti jáde lápá kan, ó ń rọ̀ lára èrìgì bí ìgbà tí ìṣẹ́tí bá tú lẹ́yìn ẹni tó ń jó. Kókó kejì ṣì wà níbẹ̀, tìrùtìrù. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo pe dókítà. Ó ní kí a má fọwọ́ kàn án, kó má ṣan ẹnu pẹ̀lú agbára, kí a wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Màmá kò jẹ ẹ̀kọ tútù tí mo pò fún un. Ó ká sùtánà alàgbà, ó tún un ká. Ó wá ní, “Bó bá yọ ọ́, mi ò fẹ́ eyín àtọwọ́dá.”

Mo ní wọ́n lè ṣe é kó jọ tirẹ̀ gan-an, pé wọ́n tilẹ̀ lè fi àyè sílẹ̀ láàárín bí ti èjí.

“Èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀, àyè ni,” ó ní. “Kì í ṣe èjí.”

Mo yẹ fóònù wò. Ìyàtọ̀ àyè àti èjí kò sí níbẹ̀.

Láàárọ̀, kùrukùru ṣì bo orí òkè nígbà tí a wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ó pa ẹnu dé gbọin, ó ń mí níwọ̀ntúnwọ̀nsì bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́nu. Awakọ̀ bi í pé ibo ló máa bọ́ sí. Èmi ni mo dáhùn.

Dókítà wo ẹnu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó tún wò ó. Ó béèrè pé ta ló gé òwú òun. Màmá nawọ́ sí mi. Mo wò ó. Ó rọra ká ọwọ́ náà padà, ó fi kan àyà ara rẹ̀.

“Màmá, mo ṣàlàyé ìdí tí mo fi fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.”

“Abẹ́rẹ́ tí ẹ gún mi yẹn,” Màmá ní, “ó mú ara mi kú dé etí.”

Dókítà ní láti yíjú sí ògiri kó tó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó yíjú padà, ó ní etí ẹran náà ti lẹ̀ mọ́ra. Nítorí pé àyè tí òun ṣí kéré, kò sí ohun tó ń fà á sí ọ̀tún tàbí sí òsì, òwú náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán kí sísọ́ọ̀sì tó dé. Ó ní ká ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni Màmá gé e, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ. Ó fa èyí tó tú kúrò, ó fi ìkejì sílẹ̀ títí di ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè sọ ohun tó ń lọ lábẹ́. Òkè egbò ni a lè rí. Bóyá ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dúró, bóyá egungun yóò di eyín náà mú, oṣù ni yóò sọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan gún ibẹ̀ wò. Ó tún wò mí.

Màmá dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ dára, ojú rírán rẹ̀ gún régé, pé ìparí iṣẹ́ nìkan ló kù tí kò mọ́.

A bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. N kò mọ̀ pé dídúró le tó bẹ́ẹ̀. Òwú kejì kúrò. Ẹ̀jẹ́ àìsọ̀rọ̀ parí nínú ìjọ, alàgbà sì wá bi Màmá pé kí ló rí fún òun nígbà tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Màmá ní òun rí ìrù lápá aṣọ rẹ̀, kó bọ́ ọ kí òun bá a gé e. Sísọ́ọ̀sì kékeré ló fi gé e. Ó ń lò ó báyìí, pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀pá ìtìlẹ̀ tí kò béèrè. Nígbà mìíràn mo máa ń rí i tó bá gbàgbé, tí òwú bá ti dé ẹnu rẹ̀, tí ọwọ́ á dúró.

Èrìgì náà pa àwọ̀ dà lójú mi. Láti pupa tó ń dán, ó di àwọ̀ bí inú góbà. Nígbà tó yá, àwọn àmì kéékèèké tó dà bí ojú èèpo ọsàn padà sí i lára. Inú fóònù ni mo ti mọ̀ pé àmì ara líle nìyẹn, mo sì kọ́ gbogbo oníbàárà tó bá dúró tó. Ṣùgbọ́n egungun kì í hàn lójú dígí. Màmá kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá jókòó lóun nìkan, ahọ́n rẹ̀ máa ń lọ ti eyín náà lẹ́yìn, pẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn wò bóyá wọ́n tì í.

Lọ́jọ́ tí dókítà ní ká padà wá, ó ya àwòrán eyín náà, ó gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ti àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò eyín ní àyè dúdú kan tó ya wọlẹ̀ bí àfọ́. Nínú tuntun, dúdú náà ti di eérú, ó ń lọ sí funfun láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, bí ìgbà tí kùrukùru bá ń gun ara òkè wa. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí dókítà tó sọ ọ́, mo sì dákẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ yìn mí fún ìyẹn. Ó fi ìdí irinṣẹ́ méjì mú eyín náà, ó tì í síwá, ó tì í sẹ́yìn.

“Ó dúró,” ó ní. “Egungun ń hù níbẹ̀. Eyín yín nìyẹn, Màmá.”

Màmá jókòó lórí àga gígùn náà, ó gbé ahọ́n ti eyín náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rẹ́rìn-ín, gbogbo èjí jáde. N kò rí ẹ̀rín yẹn mọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà náà ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ láti fà á dìde.

Màmá di ọwọ́ náà mú, kò sì dìde. Ojú rẹ̀ ti bọ́ sí etí apá kóòtù funfun dókítà, níbi tí òwú kan ti yọ lára bọ́tìnnì, tó gùn, tó ń rọ̀ sílẹ̀. Ó ti fa apá aṣọ náà mọ́ra. Ó ti gbé e sókè. Òwú ti dé ètè rẹ̀ kí èmi àti dókítà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwa méjèèjì sì dúró gbagidi.

Ó dúró pẹ̀lú òwú náà lẹ́nu. Ó gbé ojú wo dókítà, ó gbé ojú wò mí. Ó wá yọ ọ́ lẹ́nu, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kejì sílẹ̀. Dókítà na ọwọ́ sẹ́yìn sórí àwo irinṣẹ́ rẹ̀, ó gbé sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé òwú èrìgì lé e níbẹ̀.

Màmá gé ìrù náà mọ́ kókó, ó fi ìka tọ ojú ibẹ̀, ìka náà kò sì kọ nǹkan kan.

“Òwú lásán lèyí,” ó sọ fún un. “Kì í ṣe náílọ́ọ̀nù. Mo wò ó kí n tó gé e.”